Ẹtu Orí Àpáta àti Ààwẹ̀ Ninefe

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ kí ẹ foríjì mí. Ọwọ́ mi kò mọ ìwé kíkọ. Kíláàsì márùn-ún ni mo ṣe ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí bàbá mi tó kú, Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa ni wọ́n sì fi kọ́ wa níbẹ̀. Yorùbá tí mò ń kọ yìí, ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mo ti mọ̀ ọ́n kà, láti inú Bíbélì àti ìwé orin. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ẹnu mi pàápàá kò yá. Àwọn ará ilé wa máa ń sọ pé bí iná bá ràn mọ́ mi láṣọ, màá kọ́kọ́ wò yíká bóyá ẹlòmíràn á bá mi pariwo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà ooru tó kọjá, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní Sabon Gari wa ní Kano tí kò ní dá mi lóhùn pé ẹ̀rí ni, kì í ṣe ẹjọ́.

Inú ọgbà Bàbá la ń gbé, èmi àti ìyá mi. Kì í ṣe bàbá tó bí mi. Alàgbà ni nínú ìjọ Àládùúrà wa, ó ń ta sípéà páàtì ní Enugu Road, bàbá tirẹ̀ náà sì ti tà á níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, òun ló fún wa ní yàrá kan, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa rí. Mo ní láti sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé èèyàn burúkú ni. Ìyá mi ń rán sùtánà fún àwọn ará ìjọ, èmi náà ń bá a rán an. Ẹ̀yìn ilé náà kún fún ẹ́ńjìnnì tó ti kú, wọ́n tò wọ́n léra wọn títí tí wọ́n fi ga ju ògiri lọ.

Awakọ̀ kan tó máa ń kó ọ̀dùnkún òyìnbó bọ̀ láti ọ̀nà Plateau ló gbé ẹran náà wá fún Bàbá nínú àpò, ó ti so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ó ní àwọn ọdẹ ló tà á fún òun, pé wọ́n ti pa ìyá rẹ̀. Gadar dutse ni àwọn Hausa ń pè é, ìyẹn ẹtu orí òkúta. Ó kéré bí ọmọ ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ṣùgbọ́n kò jọ ewúrẹ́. Irun ara rẹ̀ le, ó nípọn bí koríko gbígbẹ, bí èèyàn bá fọwọ́ rà á, ṣe ni á máa já sí i lọ́wọ́. Ṣóńṣó pátákò ló fi ń dúró, bí ọmọge tó wọ bàtà gogoro. Àmì dúdú kan wà ní igun ojú rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni tó ti sunkún tí kò nu ojú.

Màmá, ìyàwó Bàbá, wò ó títí, ó ní, “Èyí kò tó ẹran ìjẹyán ẹnì kan.”

Bàbá ní, “Ẹ jẹ́ kó dàgbà. Ó di Ìkórè.”

“Ta ló máa bọ́ ọ?”

Gbogbo wọn wò mí. Èmi ni wọ́n sábà máa ń wò.

Mo fún un ní dúsà, èèrí ọkà tí à ń fún àgbò, ó yí orí padà. Mo fún un ní hárawà, ewé ẹ̀wà gbígbẹ tí gbogbo ẹran ní Kano ń jà lé lórí, ó fi imú kàn án, ó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo tú okùn rẹ̀ kí n lè fọ ibi tó sùn sí, kí n tó pajú dé, ó ti wà lórí ẹ́ńjìnnì tó ga jù lọ. Ibi tó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ kò tóbi ju ìdérí ìkòkò lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo orí òrùlé gbogbo àdúgbò bí onílé. Àwọn ọmọ inú ọgbà wa gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Hausa ni wọ́n fi ń dáni lóhùn. Wọ́n ń pe ara wọn, “Ku zo ku ga!” Ẹ wá wò ó. Láti ọjọ́ náà, n kò so ó mọ́. Kò lọ síbì kankan. Níbo ni yóò lọ? Kò sí àpáta ní Sabon Gari.

Ewé tútù ló ń jẹ. Zógálè tí àwọn kan ń pè ní moringa, òdòdó ara ọgbà, ọ̀mùnú ewé tsámíyà, ìyẹn àjàgbọn, tí mo máa ń lọ já ní Gwagwarwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ àwọn káfíńtà. Kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi láti inú abọ́. Inú ewé yẹn ló ti ń rí omi. Bí ewé bá ti rọ, kò ní í fẹnu kàn án, nítorí náà òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń lọ. Àwọn káfíńtà yẹn mọ̀ mí débi pé wọ́n ń fi àkàbà wọn sílẹ̀ dè mí.

Ní kùtùkùtù, kí mọ́tò tó pọ̀ ní títì, ó máa ń gun orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, á fi imú fọn nǹkan kan tó dà bí fèrè kúkúrú. Á dákẹ́, á na etí. Á tún fọn ún. Mo rò pé bó ṣe ń kí ilẹ̀ tó mọ́ nìyẹn.

Àkọ́bí Bàbá ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Ó pè wọ́n láti Agadez, ó ní kí wọ́n máa gbàdúrà, lẹ́yìn ìyẹn a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ọdún kan kọjá. Màmá kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé fóònù lọ sí balùwẹ̀, ó sì máa ń gbé e wọ ilé ìdáná. Ní ọjọ́ kan lákòókò àdúrà, Bàbá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ lójú gbogbo wa. Ó ní bí ọmọ òun bá lè pè, ẹ̀mí tó wà lọ́gbà òun tí òun kò rí irú rẹ̀ rí, ti Ọlọ́run ni. Ẹtu náà ló ń wí. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é. Mo fẹ́ kí ọmọ náà pè.

Bàbá ti gbé fọ́tò ẹtu náà sórí fóònù rẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí i. Fọ́tò yẹn ń lọ láti ọwọ́ sí ọwọ́ títí tó fi dé ọgbà ẹranko kan lórí òkè, lọ́nà Plateau, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ẹran orí àpáta tó ń tán lọ. Bí Dókítà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Obìnrin ni, kò tíì dàgbà púpọ̀, ó wọ bàtà òjò nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Dókítà ẹranko ni. Kò gbọ́ Yorùbá, Hausa la fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Ó dúró ní ẹ̀yìn ilé, ó wo orí ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Ìwọ lo ń tọ́jú rẹ̀?”

Mo mi orí.

“Abo ni. Ṣé o mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

“O ò mọ ohun tó jẹ́ fún wa.” Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde. Ó fi ibì kan hàn mí, àpáta lórí àpáta, ìkùukùu wà lára wọn, wọ́n fi wáyà ga-ga yí i ká. Ẹtu kan dúró lórí òkúta tó ga jù, ó ní ìwo kúkúrú méjì. Dókítà ní akọ nìkan ló kù lọ́dọ̀ àwọn, pé abo rẹ̀ ti kú. Ó ní irú wọn kì í gbé lọ́tọ̀, méjì-méjì ni wọ́n ń gbé títí ikú, àti pé bí àwọn bá rí abo, tí wọ́n bá bímọ, àwọn ọmọ náà ni àwọn yóò dá padà sórí àwọn òkè tí kò ti sí ẹyọ kan mọ́. “A ti wá abo kiri títí,” ló wí. “Lórí òkè la ti ń wá a, kò wá sí wa lọ́kàn láti wá a sí Kano.”

Ó tẹ nǹkan kan lórí fóònù. Fèrè kúkúrú dún jáde, ohùn akọ náà, tó jinlẹ̀ ju ti ẹtu tiwa lọ díẹ̀. Ẹtu náà tí ó ń jẹ ewé dúró jẹ́ẹ́, etí rẹ̀ dìde. Lẹ́yìn náà ó fọn tirẹ̀. Dókítà tún tẹ̀ ẹ́, èyí tiwa tún dáhùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì, ó wá dúró síwájú fóònù náà, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀ tó mọ́ ló ń kí. Ó ń pe èèyàn rẹ̀, àwa ni a ń gbọ́.

Bàbá kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní, “Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n tán, kí ló dé tí ẹ kò fi wọ́n sílẹ̀ lórí àpáta tí Ọlọ́run fi wọ́n sí?”

Dókítà ní, “Bàbá, àpáta náà gan-an ni wọ́n ń fọ́ tà. Ibi tí wọn kò bá sì tíì fọ́, ajá ọdẹ wà níbẹ̀.”

“Ṣùgbọ́n ẹran ẹ̀jẹ́ ni.”

“Ṣé ẹ̀jẹ́ ní kó kú ni?”

Bàbá ronú. Olóòótọ́ ni, kò lè purọ́ sí ohun tó wí níwájú pẹpẹ. Ó ní, “Rárá. Mo ní ti Ọlọ́run ni. N kò ní kó kú.”

“Ọ̀dọ̀ wa náà, ti Ọlọ́run ni yóò jẹ́.”

Inú Bàbá dùn sí èyí. Ó bi í bóyá wọ́n máa kọ ọ́ sára wáyà pé ìjọ wa ló fi í tọrẹ. Dókítà ní wọ́n máa kọ ọ́. Ó ní òun ń lọ wá àpótí tó dára, pé òun yóò padà wá ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n jẹ́ kó máa jẹ bó ṣe ń jẹ. Ó yíjú sí mi, ó ní ibi tuntun máa ń ba irú wọn lẹ́rù, bí mo bá lè bá àwọn lọ kí n lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́hùn-ún, yóò ràn án lọ́wọ́. Ìyá mi gbà. N kò rí òkè kankan rí ju òkè Dala lọ, òkèèrè ni mo sì ti rí ìyẹn. Mo fọ aṣọ mi mẹ́ta, mo ká wọn sínú báàgì. Mo yá súwẹ́tà lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan ní ẹgbẹ́ akọrin, nítorí Dókítà ní òtútù máa ń mú níbẹ̀ kódà nígbà tí Kano bá ń jó.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, Bàbá lọ sọ fún Wòlíì wa. Wòlíì ní ó dára, ẹran náà lè lọ sórí òkè, òkè gan-an ni ibi àdúrà. Ṣùgbọ́n ohun ẹ̀jẹ́ kì í jáde lọ́gbà bí ẹni ń jáde lọ sọ́jà. Ó ní a máa gba ààwẹ̀ Ninefe, ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu, Wẹ́sìdeè títí dé Fúráìdeè, kí ọwọ́ tó ń gbé e àti ohun tó ń gbé lè jọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é ní Ninefe, ọba àti ìránṣẹ́ rẹ̀, èèyàn àti ẹran ọ̀sìn, kò sẹ́ni tó tọ́ omi wò.

A ti máa ń gba ààwẹ̀ yẹn ní ìjọ wa, ṣùgbọ́n àwa èèyàn nìkan ni. Kò tíì sí ẹni tó rántí apá ti ẹran. Bàbá rántí rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ ṣe é pé. Ó ní torí pé àwọn èèyàn ń gé e kù ni ìdáhùn kì í fi í dé.

Mo lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Màmá wà níbẹ̀, ó ń ṣa ìrẹsì.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹtu yẹn kò lè gbààwẹ̀.”

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Òun ló rán ẹ?”

“Ewé ló fi ń mu omi, sà. Bí kò bá jẹ, kò mu nìyẹn. Ooru sì wà.”

Màmá ní, “Ẹ gbọ́ o. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ọjọ́ tó lanu, ti ẹran ló sọ. Àwa tá a máa gbààwẹ̀ nínú ooru ńkọ́? O ò bẹ̀bẹ̀ fún wa.”

“Ẹ má bínú, Màmá.”

Bàbá ní, “Ọmọ mi, tẹ́tí. Àwọn ewúrẹ́ Ninefe, ṣé a kà á pé wọ́n kú?”

“A kò kà á, sà.”

“Ṣé a kà á pé ọ̀kan ṣàìsàn?”

“Rárá, sà.”

“Ó dáa. Dìde.”

Mo dìde. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó ti ka Bíbélì yẹn tán ju ìgbà mélòó kan lọ, èmi ṣì máa ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà Dókítà wà lórí fóònù Bàbá nìkan, kò sì sí ẹni tó máa fún mi. Nígbà tí mo dé yàrá wa, ìyá mi ti gbọ́ ohun tí mo lọ ṣe. Ó fi eyín gé òwú, ó ní, “Ilé onílé la wà. Bí ẹnikẹ́ni bá máa bá Bàbá jà, kì í ṣe ìwọ.” Mo ní n kò bá a jà. Ó ní, “Bí o bá kúnlẹ̀ tí o ní ‘kò lè’, ìjà ni.”

Kí ẹtu náà má baà já òdòdó jẹ, Bàbá mú un wọ yàrá ìkẹ́rùsí tó wà ní ẹ̀yìn ilé, tó kún fún irin sípéà páàtì, ó fi àgádágodo tì í. Ilẹ̀kùn irin ni, òrùlé páànù ni, kò ní fèrèsé. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìdánwò má baà mú ẹnikẹ́ni. Ó wò mí nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní mò ń gbọ́ pátákò rẹ̀ lórí irin, tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà ń gbààwẹ̀. Mo jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn náà, mo gbìyànjú láti ti ewé gba abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì ìloro ga, kò sí àyè tí abẹ́rẹ́ mi pàápàá lè gbà. Ní ọjọ́ kejì ó fọn fèrè rẹ̀ lówùúrọ̀ láti inú yàrá náà, ó fọn ún lẹ́ẹ̀mejì, kò fọn mọ́. Ooru pọ̀ ní ọjọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dà ara géètì fi ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ọkùnrin Hausa tó máa ń fi ọmọlanke ta omi fún wa dúró, ó bèèrè ìdí tí a kò fi ra omi. Mo sọ fún un pé ààwẹ̀ là ń gbà, àwa àti ẹran. Ó wò mí bóyá mò ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Haba. Dabba ba ta azumi.” Ẹran kì í gbààwẹ̀. Ó ní nínú ẹ̀sìn tàwọn, aláìsàn pàápàá ń jẹun. Màmá gbọ́ láti ojú fèrèsé, ó ní kó máa ti ọmọlanke rẹ̀ lọ, pé ta ló bi í.

Ní ọjọ́ kẹta n kò gbọ́ nǹkan kan.

Dókítà dé ní Sátidé pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù àti àpótí onígi tí wọ́n fi tìmùtìmù tẹ́ inú rẹ̀. Bàbá wọ sùtánà funfun tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ètè rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ ń dùn. Ó mú kọ́kọ́rọ́ wá, ó gbàdúrà lórí rẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn. Ooru tó jáde láti inú yàrá yẹn dà bí ti ilé búrẹ́dì. Ẹtu náà wà nílẹ̀ láàárín àwọn irin, ó ká orúnkún iwájú mọ́ra. Ojú rẹ̀ ti wọlé. Nígbà tí mo fọwọ́ kan án, irun rẹ̀ kún mi lọ́wọ́.

Dókítà kúnlẹ̀. “Ìgbà wo ló ti wà báyìí? Kí ló jẹ?”

Mo súnmọ́ etí rẹ̀, mo sọ ọ́ ní Hausa pé kò jẹ nǹkan kan láti ọjọ́ Túsìdeè, kò sì mu omi, pé ààwẹ̀ ni wọ́n ní kó gbà. Mo rò pé mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Màmá gbọ́.

Dókítà gbé ojú sókè wo Bàbá. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò fi pamọ́, ó fi ayọ̀ sọ ọ́. “Ó pé ọjọ́ mẹ́ta. Kò ní bàjẹ́ mọ́ níbikíbi tó bá lọ.”

Mo dúró kí Dókítà bínú. Kò bínú. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lára, ó ní kí n di ọ̀rá omi náà mú sókè. Ó ní ká máa lọ kíákíá, pé bí a bá lè kúrò nínú ooru Kano kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, bí ọ̀nà bá ti ń gòkè, afẹ́fẹ́ yóò tutù.

Mo gbé báàgì mi. Nígbà tí mò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́, kí ẹlòmíràn má gbọ́. “A fi yàrá bo ìhòhò yín, o sì tú tiwa fún àlejò. O ṣeun.”

Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ni mo jókòó sí, lábẹ́ tapólì, mo gbé orí ẹtu náà lé itan mi, mo di ọ̀rá omi mú. A gba ojú títì lọ sí ọ̀nà Hotoro. Gósíló wà nítorí àwọn tírélà tó ń yí padà. Mò ń bá a sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, mò ń sọ fún un pé a ti ń lọ, pé òkúta wà níbẹ̀ ju èyí tó lè gùn tán lọ. N kò sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó na ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fò láti orí nǹkan kan bọ́ sí orí òmíràn, lẹ́yìn náà ó wúwo lórí itan mi.

Mo gbá ara mọ́tò. Awakọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Dókítà gòkè wá, ó tẹ àyà rẹ̀ títí, ó dáwọ́ dúró. Ó jókòó sórí àpótí náà tí a kò tíì lò.

Ó ní, “Mo ti sọ fún wọn lókè pé mò ń mú un bọ̀. Wọ́n ti ń tún ibẹ̀ ṣe láti àárọ̀.”

Mo ní kó má bínú.

“Ìwọ kọ́,” ló wí. Ó tún wí pé, “Ká ní ẹ jẹ ẹ́ ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa bínú sí.”

Ó ní òun yóò gbé òkú rẹ̀ lọ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kò ní kí n bá àwọn lọ mọ́. Kí ni màá lọ ṣe níbẹ̀? Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì mi, mo wọ adàìdàìtà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, padà sílé. Irun ẹtu wà lára aṣọ mi, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà bi mí bóyá ẹran ni mò ń tà.

Mo gbọ́ orin láti ìta géètì. Wọ́n ń jó nínú ọgbà. Màmá wà nílẹ̀, ó ń yí gbirigbiri nínú eruku, gèlè rẹ̀ ti bọ́, Bàbá sì jókòó sórí àga onírọ́bà, ó ń sunkún bí ọmọdé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ wọn ti pè. Ó wà láàyè. Wọ́n ti fi í sí àtìmọ́lé ní Líbíà fún gbogbo ìgbà yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u sílẹ̀ ni. Ìyá mi dì mọ́ mi, ó ń sọ ọ́ fún mi, ojú rẹ̀ kún fún omi. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn. Mo mọ ọmọkùnrin náà, ó ti kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn rí. Mo ní kí ìyá mi jọ̀ọ́ wá sínú yàrá, mo sì sọ fún un pé ẹtu ti kú ní Hotoro.

Ó jókòó. Ó bi mí, “Agogo mélòó?” Mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà náà gan-an ni ọmọ pè.

Ìyá mi ló lọ sọ fún Bàbá, kì í ṣe èmi. Orin dúró. Bàbá wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rò pé nísinsìnyí yóò yé e, mo rí i lójú rẹ̀ pé ohun kan fẹ́ yé e. Lẹ́yìn náà ó rọra kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, “Ó gba ẹran, ó fún mi ní ọmọ. Kò jẹ́ kó dé òkè ti èèyàn. Ó gbé e lọ sí òkè tirẹ̀.” Orin tún bẹ̀rẹ̀, ó ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ jẹ́rìí. Àwọn èèyàn ń pariwo. Kò sẹ́ni tó bèèrè bí ẹran náà ṣe kú, tàbí akọ tó dúró lórí òkúta lọ́hùn-ún. Mo jókòó sẹ́yìn. Mo ronú pé bí mo bá dìde tí mo ní òǹgbẹ ló pa á, wọ́n á bi mí bóyá mo fẹ́ kí ọmọ Bàbá kú ní Líbíà. Kí ni èsì ìbéèrè yẹn? N kò tíì rí i títí di òní. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn tó tú ọmọ náà sílẹ̀ ní Líbíà kò mọ̀ bóyá ẹtu kan mu omi ní Enugu Road.

Wòlíì wá dìde. Ó ní ilẹ̀kùn ti ṣí, kò yẹ ká jẹ́ kó tún tì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tó ń bèèrè, ọmọ, ìwé àṣẹ ìrìnnà, ilé, kó mú ohun ẹlẹ́mìí kan wá, a máa gba ààwẹ̀ Ninefe pẹ̀lú wọn láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó ní ọgbà Alàgbà ni wọ́n máa so wọ́n sí, níbi tí Ọlọ́run ti ṣe ti àkọ́kọ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń kó wọn dé. Àgbò, ewúrẹ́ tó lóyún, tòlótòló kan, ẹyẹlé méjì nínú agbọ̀n. Ẹnì kan mú ajá wá, wọ́n jiyàn díẹ̀ lórí bóyá ajá wà ní Ninefe. Wọ́n ń so wọ́n mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Ìyá mi náà ra adìẹ kan. Mo rí i tó ń fi aṣọ sùtánà tó ṣẹ́kù so ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo ní, “Ìyá mi, kí lẹ ń bèèrè?”

Kò wò mí. “Kí Ọlọ́run là ọ́ lẹ́nu,” ló wí. “Kí o lè rí ọkọ.”

Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí bí mo ṣe máa ń jí. Mo bọ́jú, mo ró ìró mi dáadáa. Mo pọn omi sínú korobá láti inú táǹkì, mo gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo gbé e síwájú ewúrẹ́ olóyún náà, nítorí òun ló súnmọ́ mi jù. Nígbà tó mu tán, mo gbé e fún àgbò. Mo padà lọ pọn òmíràn. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere, n kò fara pamọ́. Bàbá jáde wá pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀, ó dúró lórí àtẹ̀gùn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Ó wo korobá, ó wò mí. Mo dìde, mo bu omi sínú àwo fún tòlótòló, mo bu ti àwọn ẹyẹlé, mo tú adìẹ ìyá mi, mo sì dì í mú títí tó fi mu tirẹ̀.